Sóbò, Àlùbọ́sà, Kòkó: Bí Flavonoid Inú Oúnjẹ Wa Kò Ṣe Ní Bá Omi Ìdànù Lọ

Ẹ wo inú garawa ìdọ̀tí nílé kan ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá se àmàlà. Èèpo àlùbọ́sà tí wọ́n bó títí kan ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Èèpo ẹ̀wà tí wọ́n fi ọwọ́ fọ̀ kúrò fún gbẹ̀gìrì wà níbẹ̀. Ọsàn tí wọ́n fa omi rẹ̀ tán tí wọ́n sọ ìyókù nù náà wà níbẹ̀. Omi ewúro tí wọ́n fún lẹ́ẹ̀mẹrin ti gba ojú kòtò lọ ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú flavonoid tí a fi owó rà lọ́jà Bódìjà ló pín sí ibi wọ̀nyí kí oúnjẹ tó dé inú abọ́. Nítorí náà, a ò ní ní kí ẹ lọ ra èso òkè òkun kankan. Ohun tó wà nílé ni a fẹ́ tọ́jú.

Flavonoid jẹ́ ọ̀wọ́ èròjà tí ewéko ń ṣe fúnra rẹ̀. Òun ló wà nídìí àwọ̀ pupa sóbò àti ti àlùbọ́sà, òun ló sì ń mú kí kòkó tútù àti tíì tó ki fún èèyàn lẹ́nu. Ní 1936, Albert Szent-Györgyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Họ́ńgárì pè é ní fítámì P, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dúró, nítorí kò sí àìsàn kan pàtó tó ń ṣe ẹni tí kò bá jẹ ẹ́. Kì í ṣe fítámì, kì í sì í ṣe oògùn.

Kí ló ń ṣe nínú ara nígbà náà? Ìfun kì í gba púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé bó ṣe wà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ńlá ló ń já ìyókù sí wẹ́wẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ̀rí ti lágbára jù ni ara iṣan ẹ̀jẹ̀: àwọn kan nínú flavonoid, pàápàá ti kòkó, ń ran awọ inú iṣan lọ́wọ́ láti tú nitric oxide jáde, èyí tó ń mú kí iṣan dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ kan, èyí tó pọ̀ jù ti bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fi dára ju ìgò sóbò mẹ́rin lọ́jọ́ ìnáwó lọ.

Tí ẹ bá rí ìpolówó tó ń ka iye “antioxidant” (èròjà tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ìbàjẹ́) inú nǹkan láti fi ta ọjà, ẹ má jẹ́ kó dá yín lójú. Inú ìgò yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń wọn iye yẹn, kì í ṣe inú ara èèyàn. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀gbìn, USDA, yọ àkójọ irú iye bẹ́ẹ̀ (ORAC) kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2012, torí pé àwọn oníṣòwò ń ṣì í lò.

Sóbò: ibi tí a ó ti dúró pẹ́

Àwa ń pè é ní ewé sóbò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé. Ago pupa tó yí èso ìṣápá ká lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀ ni wọ́n ń ká, tí wọ́n ń sá gbẹ. Flavonoid tó wà nínú rẹ̀ ni anthocyanin, àwọ̀ pupa yẹn gan-an. Nítorí náà, ojú yín lè bá a lọ: bí àwọ̀ bá ti ń ṣá, bẹ́ẹ̀ ni flavonoid rẹ̀ ń dín kù.

Ní 2010, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Tufts, Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 65 tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè díẹ̀. Àwọn kan mu ife tíì sóbò mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn yòókù mu ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Ìfúnpá òkè àwọn tó mu sóbò wálẹ̀ ní 7.2, ti àwọn yòókù wálẹ̀ ní 1.3. Ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kì í sábà fi kún un ni ìwọ̀n: gíráàmù 1.25 péré ni wọ́n fi sínú ife kan tó gba mílílítà 240, kò sì sí kóńgò ṣúgà nínú rẹ̀. Sóbò tiwa ki jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìwọ̀n tí a fẹ́ lò nísàlẹ̀ yìí bá ti ìwádìí náà mu.

Ẹ̀yin nìkan ni ẹ fẹ́ mu ún? Ẹ wá gíráàmù 15 (ẹ̀kúnwọ́ kan tó kún dáadáa), omi lítà kan, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, àti kànáfùrù mẹ́rin tàbí márùn-ún.

1. Níbi tí ẹ ti ń rà á, ẹ má wo èyí tó wà lójú àpò nìkan. Ẹ ní kí ìyá tó ń ta sóbò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò. Èyí tó dára pupa dúdú, ó máa ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ bá fún un, òórùn rẹ̀ sì kan díẹ̀. Èyí tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ ti pẹ́ nínú oòrùn. Èyí tó rọ̀ lọ́wọ́ ti gba omi, èéhù kò sì jìnnà sí i. Ẹ fi í sínú ike tó ní ìdérí tí iná kò lè tàn wọ̀, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí sítóòfù.

2. Ẹ dà á sínú asẹ́, kí ẹ da omi tútù lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kí iyanrìn lè lọ. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi. Omi pupa tí ẹ bá rí nísàlẹ̀ abọ́ lẹ́yìn ìdajì wákàtí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun tí ẹ fẹ́ mu gan-an nìyẹn, tí ẹ fẹ́ dà nù.

3. Atalẹ̀ tí ẹ ti gún àti kànáfùrù ni kó kọ́kọ́ wọ inú omi, kí wọ́n hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ lè fi èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ ti fọ̀ dáadáa sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da sóbò sí i. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa iná, ẹ dé e pa fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ooru tó pẹ́ ń ba anthocyanin jẹ́, ó sì ti jáde sínú omi tipẹ́ kí wákàtí kan tó pé. Ẹni tó bá se é fún wákàtí kan ń jó gáàsì lásán ni.

4. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má fi gbogbo agbára fún un, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e ni kì í jẹ́ kó mọ́ kedere.

5. Ẹ jẹ́ kó tutù kíákíá, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀, kó sì wọ fíríìjì. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ẹ fi máa mu ún tán. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ máa se ìdajì lítà ní ìdajì lítà. Bó bá ń yọ ìfóòfó, tí ìdérí ń dún “pọ̀ọ̀”, tàbí tó ń fà bí omi ewédú, ẹ dà á nù.

Mílílítà 250 nínú èyí ni ti ọjọ́ kan. Ẹ lè bu omi là á kó di ife mẹ́ta, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Lítà kan tó yín fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ṣúgà ló kù. Ṣíbí tíì kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi kún nǹkan má ju ìdá mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́ lọ, pé ó sì tún dára sí i bó bá lè wà nísàlẹ̀ ìdá márùn-ún, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, ìyẹn ṣíbí mẹ́fà, fún odindi ọjọ́, láti inú gbogbo ohun tí ẹ jẹ. Sóbò aládùn kan ṣoṣo lè jẹ iye yẹn tán. Ẹ fi dàbínò mẹ́ta tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ sè é pẹ̀lú atalẹ̀, tàbí kí ẹ máa dín ṣúgà kù ní ṣíbí kan lọ́sẹ̀ kan. Ahọ́n máa ń mọ́ ọn lára.

Bó bá kan jù, omi ni kí ẹ fi là á. Ẹ má fi kánún pa kíkan rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rí ìdí rẹ̀, ẹ bu sóbò díẹ̀ sínú abọ́ funfun kí ẹ ju èérún kánún sí i: pupa yóò di àwọ̀ aró, yóò sì máa lọ sí àwọ̀ ewé, kó tó wá ṣá. Anthocyanin tó ń bàjẹ́ lójú yín nìyẹn. Ní ti ìkòkò, èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Sóbò kan gan-an, ó sì máa ń jẹ ara ìkòkò alumíníọ̀mù sínú omi.

Àlùbọ́sà

Quercetin ni orúkọ flavonoid tirẹ̀. Nínú gíráàmù 100 àlùbọ́sà, ó máa ń tó míligíráàmù 20 sí 40, àlùbọ́sà pupa sì máa ń ní ju funfun lọ. Ìta ló pọ̀ sí jù, bẹ́ẹ̀ ìta ni ọ̀bẹ wa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Èèpo gbígbẹ tó dà bí bébà nìkan ni kí ẹ bó. Ìpele tó tẹ̀ lé e, tó nípọn tó sì pupa, ẹ má jù ú nù nítorí pé ó le díẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi í sínú ata lílọ̀.

Quercetin kì í tètè jóná, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ bọ́ sínú omi. Bí ẹ bá fi àlùbọ́sà bọ ẹran, inú omi ẹran ló wà, ẹ fi omi náà se ọbẹ̀. Bí ẹ bá dín in sínú òróró, ẹ dá a dúró nígbà tó bá rọ̀ tó sì ń dán. Bó bá ti dúdú létí, adùn nìkan ni ẹ kù pẹ̀lú.

Ní Netherlands, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993 tẹ̀ lé ọkùnrin 805 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 65 sí 84. Tíì, àlùbọ́sà àti èso ápù ni flavonoid wọn ti ń wá jù. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù nínú wọn ni àrùn ọkàn pa kéré jù. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi ẹ̀rí hàn pé àlùbọ́sà ló gbà wọ́n là, nítorí ẹni tó ń jẹun dáadáa sábà máa ń ṣe nǹkan mìíràn dáadáa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà ti wà nínú ọbẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, kò ná wa ní nǹkan kan láti má bó o jù.

Ewédú, gbẹ̀gìrì, ewúro

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dá ìjà sílẹ̀. Kánún tí a ń fi sínú ewédú ń jẹ́ kó rọ̀ kó sì yọ̀, ó sì ń jẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀ lójú. Ohun kan náà tó ṣe sí sóbò nínú abọ́ ló ń ṣe sí flavonoid inú ewé, ó sì ń pa fítámì C pẹ̀lú. Ẹ já ewé náà kó mọ́, ẹ jẹ́ kí omi díẹ̀ hó, ẹ da ewé sí i láìsí kánún, kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, kí ẹ wá fi ìjábẹ̀ já a dáadáa. Ìjábẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń bẹ kánún sí. Bí ewé bá gbó tí kò fẹ́ já, ẹ lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ má da omi tó fi hó nù.

Ní ti gbẹ̀gìrì, ara èèpo ẹ̀wà ni flavonoid rẹ̀ pọ̀ sí, kò sì sí gbẹ̀gìrì tó jọ̀lọ̀ pẹ̀lú èèpo. Ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe wà. Àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ se ẹ̀wà pupa tèèpo-tèèpo, kí ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹni tí ẹ̀wà ń kún nínú lè da omi àkọ́kọ́ nù. Ìtura inú rẹ̀ ju flavonoid lọ.

Ewúro ní luteolin. Fífọ̀ tí a ń fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́ ń gbé kíkorò àti luteolin lọ papọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí kíkorò díẹ̀ kù lára rẹ̀.

Tíì, àti ìjà rẹ̀ pẹ̀lú èròjà irin

Ní Ìbàdàn, gbogbo ohun tó bá gbóná nínú ife ni tíì. Èyí tí à ń sọ ni ewé tíì, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé àpò rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn tó ń rì í lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó yọ ọ́ ti fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ nínú àpò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni mímu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Flavonoid tíì máa ń so mọ́ èròjà irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ara kò sì ní lè gbà á. Ẹ fi wákàtí kan ó kéré tán sáàárín tíì àti oúnjẹ. Ti kòkó náà rí bẹ́ẹ̀. Aboyún, ọmọdé àti ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó gbọ́dọ̀ mú èyí lọ́kùn-únkúndùn, kí wọ́n má sì fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì láéláé. Ọsàn ló yẹ kó tẹ̀ lé ẹ̀fọ́: fítámì C rẹ̀ ń ran irin lọ́wọ́ láti wọlé.

Kòkó

Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ti orílẹ̀-èdè yìí sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ níbí láti 1964. Síbẹ̀, ẹ wọ ilé mẹ́wàá, bóyá ni ẹ ó rí ìyẹ̀fun kòkó gidi nínú ọ̀kan. Ohun tó wà nínú agolo orí tábìlì jẹ́ málíìtì àti ṣúgà pẹ̀lú kòkó díẹ̀.

Èyí tí ẹ ń wá ni ìyẹ̀fun kòkó tí kò ní ṣúgà. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí “alkali”, “alkalised” tàbí E501, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ìbátan kánún ni wọ́n fi ṣe é kó lè dúdú kó má sì korò, flavonoid rẹ̀ tó pọ̀ jù sì ti lọ. Èyí tí wọn kò fi nǹkan bẹ́ẹ̀ sí máa ń ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó fara jọ ti ilẹ̀ pupa, ó sì ń kan díẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ bu ṣíbí tíì méjì sínú ife. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí yóò fi jọ ògì kíki. Bí ẹ bá da omi gbígbóná lé ìyẹ̀fun gbígbẹ, kókó ni yóò so. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ sì ro ó. Wàrà díẹ̀ kò burú.

Ní 2012, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù gbà pé míligíráàmù 200 flavanol (irú flavonoid tó wà nínú kòkó) lóòjọ́ ń ran iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti máa nà dáadáa. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022, COSMOS, fún àwọn èèyàn ní míligíráàmù 500 nínú oògùn oníhóró. Àgbàlagbà 21,442 ló kópa. Àpapọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ àrùn ọkàn àti rọpá-rọsẹ̀ kò dín kù tó láti fi ọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ ikú láti ọwọ́ àwọn àrùn náà fi ìdá 27 nínú 100 dín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kòkó ń wo àrùn ọkàn ti sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ.

Ọsàn àti gírépù

Hesperidin inú ọsàn wà lára funfun abẹ́ èèpo àti awọ tó pín inú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú omi rẹ̀. Ẹ bó o kí funfun kù lára, ẹ pín in, ẹ jẹ ẹ́ tawọ-tawọ.

Gírépù (grapefruit, kì í ṣe èso àjàrà) yàtọ̀. Èròjà kan nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ furanocoumarin, tí kì í ṣe flavonoid, ń dí ọ̀nà tí ara fi ń fọ́ àwọn oògùn kan, àwọn oògùn náà á sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti simvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn. Mímu oògùn láàárọ̀ kí ẹ jẹ gírépù lálẹ́ kò yanjú rẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ máa ń ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi bi apòògùn yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi sóbò rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo méjèèjì, ìfúnpá lè wálẹ̀ jù: bí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde, ẹ dá sóbò dúró, kí ẹ sì lọ wọn ìfúnpá. Aboyún kí ó bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ kó tó máa mu sóbò lójoojúmọ́. Ẹni tó ń lo levothyroxine fún àìsàn taírọ́ìdì (ẹṣẹ́ iwájú ọrùn) kí ó jẹ́ kí wàrà sóyà, tó ní flavonoid tirẹ̀, àti oògùn náà jìnnà síra fún wákàtí mélòó kan.

Ẹ yẹra fún oògùn oníhóró tí wọ́n fi ewé tíì tó ki ṣe. Ní 2018, àjọ Yúróòpù kan náà rí i pé EGCG, flavonoid kan nínú ewé tíì, tó bá tó míligíráàmù 800 lóòjọ́ láti inú irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ni ẹ̀dọ̀ lára. Ife tíì kò lè gbé ara débẹ̀ bọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sóbò ń ṣe nǹkan kan fún yín, ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá ni yóò sọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun: ẹ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn yín lára àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní déédéé ọkàn, kí ẹnikẹ́ni má bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ mu sóbò aláìníṣúgà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìyí oògùn tàbí oúnjẹ mìíràn padà, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ṣì ń fi 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà.